Ìdàrú Plásímà àti Àwọn Ìṣàn Iná Tí Ó Ń Fà Nínú Ẹ̀rọ Ìdàpọ̀ Átọ́ọ̀mù

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ti yọ púlọ́ọ̀gì fíríìjì kúrò lójú iná nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ yóò ti rí i pé iná kékeré kan a máa ta pàrà lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìdí rẹ̀ kò ta kókó. Iná mànàmáná tí ó ti ń ṣàn nínú wáyà tí a lọ́ pọ̀ kì í fẹ́ dúró lójijì. Bí a bá gé ọ̀nà rẹ̀, yóò gbìyànjú láti fo àlàfo tí a dá sílẹ̀ kí ó lè máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ìṣàn inú fíríìjì kò pọ̀, nítorí náà ohun tí a ó pàdánù kò ju kí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ìṣàn náà bá jẹ́ mílíọ̀nù 15 ámpíà, tí ó sì ní láti kú láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ. Mílíọ̀nù 15 ámpíà ni ìṣàn tí a ṣètò pé yóò máa yípo nínú ẹ̀rọ ITER, tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 30 pawọ́ pọ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ kí ó yé òǹkàwé ni pé nígbà tí plásímà bá dàrú, agbára tí ó wà nínú rẹ̀ kì í parẹ́. Ibòmíràn ni ó ń wá lọ. Iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ni láti yan ibi tí agbára náà yóò gbà lọ, kí ó sì yan bí yóò ti yára tó. Bí ó bá kùnà nínú ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ̀rọ tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lè fara gbọgbẹ́ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Plásímà àti ẹ̀rọ tokamak

Oòrùn ń tàn nítorí pé àwọn kókó átọ́ọ̀mù háídírójìn inú rẹ̀ ń dà pọ̀ di kókó átọ́ọ̀mù helium, tí agbára sì ń tú jáde níbẹ̀. Nínú ẹ̀rọ tí ọmọ ènìyàn ṣe, oríṣi háídírójìn méjì ni a ń lò, èyí tí à ń pè ní deuterium àti tritium, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó rọrùn jù láti dà pọ̀. Síbẹ̀, ìrọ̀rùn yìí kò tó nǹkan. Iná kan náà ni ó wà lára àwọn kókó méjèèjì, wọ́n sì ń ti ara wọn sẹ́yìn. Kí wọ́n tó lè súnmọ́ ara wọn tó bí ó ti yẹ, a gbọ́dọ̀ mú wọn gbóná dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 dígíríì Sẹ́síọ́sì, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ìgbóná àárín gbùngbùn oòrùn.

Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, kò sí átọ́ọ̀mù tí ó lè dúró lódidi. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á já kúrò lára kókó wọn, gbogbo rẹ̀ á sì di àdàlù ohun abinánára tí ń sáré káàkiri. Àdàlù yìí ni à ń pè ní plásímà. Òun náà ni ó ń tàn nínú mànàmáná ojú ọ̀run nígbà òjò. Nítorí pé àwọn ohun abinánára ni ó wà nínú rẹ̀, plásímà lè gbé iná mànàmáná, òòfà sì lè darí rẹ̀. Bí ó bá sì ti gbóná tó ni ó ń gbé iná dáadáa tó. Plásímà inú ẹ̀rọ ńlá a máa gbé iná ju wáyà kọ́pà lọ.

Kò sí irin tí ó lè gba ohun tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Igor Tamm àti Andrei Sakharov dábàá ní Soviet Union pé kí a fi òòfà gbé plásímà náà dúró nínú àgbá irin tí ó rí bí òṣùká tàbí bí inú táyà ọkọ̀, kí ó má baà kan ògiri. Irú ẹ̀rọ yìí ni a ń pè ní tokamak. Ní ọdún 1968, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Soviet kéde pé ẹ̀rọ tokamak wọn, T-3, ti gbóná ju ohunkóhun tí ẹlòmíràn ṣe lọ. Ọ̀pọ̀ kò gbà wọ́n gbọ́. Ní ọdún 1969, àwọn onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀rọ lésà wọn lọ sí Moscow láti fi wọn ìgbóná náà, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni. Láti ìgbà náà ni tokamak ti gbilẹ̀ káàkiri àgbáyé.

Oríṣi pápá òòfà méjì ni ó ń so plásímà mọ́lẹ̀ nínú tokamak. Èkíní ń wá láti inú àwọn kọ́ìlì wáyà tí a fi yí àgbá náà ká. Èkejì ń wá láti inú iná mànàmáná tí ń ṣàn yípo nínú plásímà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí èkejì yìí, nítorí pé òun ni orísun gbogbo ohun tí a ó sọ. Plásímà tokamak kì í ṣe ẹrù tí a kàn dì sínú àpò òòfà. Ó jẹ́ wáyà tí ń gbé iná, apá kan nínú òòfà tí ó dè é sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Bí wáyà náà bá já, àpò náà já pẹ̀lú rẹ̀.

Bí plásímà ṣe ń dàrú

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Soviet ti kíyè sí i pé plásímà tokamak lè wà ní àlàáfíà fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì wó lulẹ̀ lójijì láìsọ tẹ́lẹ̀. Èyí ni a ń pè ní ìdàrú plásímà. Ohun tí ó lè fà á pọ̀. Bí a bá rọ gáàsì sínú àgbá náà kọjá ìwọ̀n, plásímà lè dàrú. Ìlànà tí Martin Greenwald gbé kalẹ̀ ní ọdún 1988 ni a fi ń ṣírò ibi tí ìwọ̀n náà wà. Bí ìṣàn inú plásímà bá pọ̀ jù fún pápá òòfà tí ó yí i ká, ó lè dàrú. Bí èérún kékeré kan bá bọ́ láti ara ògiri sínú plásímà, ó lè tutù láti ẹ̀gbẹ́ dé inú. Bí ẹ̀rọ tí ń darí rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ bá sì ṣìnà, plásímà lè yọ̀ lọ bá àjà tàbí ilẹ̀ àgbá náà.

Ohun yòówù kí ó fà á, ìpele méjì ni ìdàrú ń gbà kọjá. Ní ìpele àkọ́kọ́, ìtò pápá òòfà inú plásímà á dàrú, ooru tí a ti fi ìṣọ́ra kó jọ á sì tú jáde lọ bá ògiri. Nínú ITER, ooru náà lè tó mílíọ̀nù 350 júùlù. Òǹkàwé lè fojú inú wo táńkì omi onílítà 1,000 tí ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà gbé sórí òpó irin: agbára yẹn tó láti mú gbogbo omi inú irú táńkì bẹ́ẹ̀ hó. Nínú ẹ̀rọ náà, ìdá kan tàbí ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni yóò fi jáde.

Ìpele kejì tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Plásímà tí ó ti tutù kò lè gbé iná dáadáa mọ́. Láti mílíọ̀nù dígíríì lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ó lè já wálẹ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dígíríì, ìdènà iná inú rẹ̀ á sì ga gan-an. Ìṣàn mílíọ̀nù 15 ámpíà tí ń yí nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Níbí ni ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì fíríìjì ti padà wá. Agbára tí ó wà nínú pápá òòfà ìṣàn náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 júùlù, kò sì sí ọ̀nà tí ó fi lè pòórá. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ lè dúró, ṣùgbọ́n àwọn èrò inú rẹ̀ á ta síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣàn iná: bí plásímà bá kọ̀ láti gbé e mọ́, yóò wá ẹlòmíràn tí yóò gbé e. Ẹni mẹ́ta ni ó lè gbé e, ọ̀nà mẹ́ta yìí sì ni a ó tò lẹ́sẹẹsẹ.

Ìṣàn ayípo

Ní ọdún 1831, Michael Faraday fi hàn pé bí pápá òòfà bá ń yí padà nítòsí irin, iná mànàmáná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú irin náà, bí kò tilẹ̀ sí wáyà kankan tí ó so ó mọ́ orísun iná. Ìlànà yìí ni jẹnẹrétọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìṣàn inú plásímà bá ń kú, pápá òòfà rẹ̀ ń yí padà kíákíá, ògiri irin àgbá náà àti àwọn páálí tí a fi bò ó nínú sì ń gba iná sára. Iná náà a máa yípo nínú irin bí omi odò ṣe ń yípo lẹ́yìn àpáta, ìdí nìyí tí a fi pè é ní ìṣàn ayípo.

Iná tí ń ṣàn nínú irin kò burú fúnra rẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di ewu ni pé irin náà wà nínú pápá òòfà tí ó lágbára. Ìlànà físíìsì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kọ́ ni pé wáyà tí ń gbé iná nínú pápá òòfà á rí ipá tí yóò tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. A lè ṣírò rẹ̀: a ó fi ìṣàn náà sọ gígùn wáyà di púpọ̀, a ó sì tún fi pápá òòfà sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Bí mílíọ̀nù kan ámpíà bá gba inú irin tí ó gùn ní mítà kan, nínú pápá òòfà tí ó tó 5 tesla, ipá tí yóò bá irin náà jẹ́ mílíọ̀nù 5 niútìnì. Èyí dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo nǹkan tí ó tó 500 tọ́ọ̀nù, bí ẹni pé a to tírélà mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó 50 tọ́ọ̀nù, lé mítà kan péré lórí. Pápá òòfà ITER ju 5 tesla lọ díẹ̀ ní àárín plásímà rẹ̀.

Bí ìṣàn plásímà bá ti yára kú tó ni ìṣàn ayípo ń pọ̀ tó. Páálí kọ̀ọ̀kan tí ó bo ògiri á fẹ́ lọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń lọ́ aṣọ tútù, àwọn bóòtù tí ó dè é mọ́ ògiri ni yóò sì gba ìyà náà.

Ìṣàn halo

Ọ̀nà kejì yàtọ̀. Bí plásímà bá ń dàrú, kì í sábà dúró sí àárín àgbá. Yóò máa yọ̀ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ títí yóò fi kan ògiri. Nígbà tí ó bá kàn án, etí plásímà àti irin ògiri á di ọ̀nà kan ṣoṣo: iná á jáde láti inú plásímà, yóò wọ inú ògiri ní ibì kan, yóò rìn nínú irin, yóò sì padà wọ inú plásímà ní ibòmíràn. Ìṣàn yìí ni à ń pè ní halo, nítorí pé inú ìpele tí ó yí plásímà ká bí òbìrí ìmọ́lẹ̀ tí ó yí òṣùpá ká ni ó ń gbà.

Ìyàtọ̀ pàtàkì wà láàárín halo àti ìṣàn ayípo. Ìṣàn ayípo kò nílò kí plásímà fọwọ́ kan ohunkóhun. Òòfà ni ó ń gbé e wọ inú irin láti òkèèrè. Halo nílò ìfarakanra. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ìṣàn plásímà bá pẹ́ kí ó tó kú, tí plásímà sì rí àyè fara ti ògiri fún ìgbà pípẹ́, ni halo ń lágbára sí i. Ìdá tí kò kéré nínú gbogbo ìṣàn plásímà lè gba ọ̀nà yìí. Àbùkù mìíràn ni pé kì í pín dọ́gba yí àgbá náà ká. Ó lè pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, kí gbogbo àgbá náà sì tì sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù asálọ

Ọ̀nà kẹta ni ó ṣàjèjì jù, òun náà ni àwọn onímọ̀ ń bẹ̀rù jù. Nígbà tí ìṣàn bá ń kú, fóltì tí ń ti àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yípo nínú plásímà á fò sókè. Nígbà tí nǹkan ń lọ déédé, fóltì náà lè máà tó ẹyọ kan; nígbà ìdàrú, ó lè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa kọlu àwọn ohun tí ó yí wọn ká, wọn kò sì ní lè sáré jù. Ṣùgbọ́n ìlànà kan wà tí ó lòdì sí ohun tí ojú wa mọ́: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó bá ti ń sáré gan-an, ìdènà tí yóò bá pàdé ń dín kù ni, kì í pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ń rọra rìn kọjá nínú ọjà, àwọn ojúlùmọ̀ á dá a dúró láti kí i. Ẹni tí ó bá ń sáré kọjá, kò sí ẹni tí yóò ráyè dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ṣe ń já ìjánu, tí wọ́n á sì máa yára sí i títí ìyára wọn yóò fi súnmọ́ ti ìmọ́lẹ̀. Àwọn ni à ń pè ní asálọ. C. T. R. Wilson ti ronú kan irú wọn nínú ìkùukùu òjò ní ọdún 1925. Harry Dreicer ṣàlàyé ti inú plásímà ní ọdún 1959.

Bí asálọ kan bá kọlu ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó wà níwájú rẹ̀, ó lè sọ ọ́ di asálọ bíi tirẹ̀. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Ní ọdún 1997, Marshall Rosenbluth àti Sergei Putvinski ṣe ìṣirò ìbísí yìí, wọ́n sì fi hàn pé bí ìṣàn plásímà bá ti pọ̀ tó ni ìlọ́po náà ń ga tó, kì í ṣe ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí kò ṣe ní ìlọ́po lórí ìlọ́po. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kékeré kò lè fi gbogbo ìwà ẹ̀rọ ńlá hàn wá. Ìwọ̀nba asálọ tí kò ní láárí nínú ẹ̀rọ tí ó ní mílíọ̀nù kan ámpíà lè bí sí i nínú ITER títí wọn yóò fi gba èyí tí ó pọ̀ nínú ìṣàn náà.

Nígbà tí wọ́n bá kúrò lójú ọ̀nà wọn, ojú kan péré ni wọ́n sábà ń kọlù lára ògiri. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í jó bébà, ṣùgbọ́n bí a bá fi awò kó o jọ sójú kan, bébà á gbiná. Irin tí asálọ bá kọlù lè yọ́, bí ó bá sì jinlẹ̀ tó, ó lè dé ọ̀dọ̀ páìpù omi tí ń tu ògiri náà lára.

Ẹ̀kọ́ tí JET kọ́ wa

Ẹ̀rọ tí ó kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ nípa ọ̀rọ̀ yìí ni JET, tí ó wà ní Culham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 1983, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Nínú àwọn ìdàrú tí ó le níbẹ̀, ipá tí ó bá àgbá irin náà tó ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù lọ́nà mélòó kan, àgbá ńlá náà sì tì sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n mílímítà mélòó kan kí ó tó padà sí àyè rẹ̀. Àwọn asálọ yọ́ ojú àwọn páálí beryllium kan lára ògiri rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù wá ní ọdún 2011. Ṣáájú ìgbà náà, carbon ni a fi bo ògiri inú JET. Carbon ní àléébù kan: ó ń fa tritium mọ́ra, èyí tí kò yẹ kí ó máa ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí yóò máa pèsè iná. Nítorí náà ni a ṣe pààrọ̀ rẹ̀ sí beryllium àti tungsten, bí a ti pinnu fún ITER nígbà náà. Ní àkókò tí à ń sọ yìí ni a wá rí iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ tí carbon ti ń ṣe. Nígbà ìdàrú, carbon tí ó bá wọ inú plásímà a máa sọ ooru di ìmọ́lẹ̀, ó sì ń tàn án káàkiri, ìṣàn á sì kú kíákíá. Nígbà tí kò sí carbon mọ́, ìmọ́lẹ̀ náà dín kù, plásímà pẹ́ kí ó tó kú, ó sì rí àyè fara ti ògiri. Halo lágbára sí i, ipá tí ó ń bá àgbá náà pọ̀ sí i, ooru sì ń kọlu ògiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó di dandan fún àwọn tí ń darí JET láti máa fẹ́ gáàsì sínú plásímà tí ìṣàn rẹ̀ bá pọ̀, ní kété tí wọ́n bá ti rí àmì ìdàrú, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí carbon ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwọ̀n láàárín ìyára àti ìfarabalẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀sọ̀ pàápàá ní ìwọ̀n. Bí ìṣàn bá kú kíákíá jù, ìṣàn ayípo á fẹ́ fa àwọn páálí ya kúrò lára ògiri. Bí ó bá pẹ́ jù, halo á fi gbogbo agbára rẹ̀ ti àgbá náà. Nínú ITER, àyè tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní wà láàárín ìdá 50 àti ìdá 150 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ìṣàn mílíọ̀nù 15 ámpíà gbọ́dọ̀ kú láàárín àlàfo yìí. A sì gbọ́dọ̀ ṣe é lọ́nà tí ooru kò fi ní kọlu ojú kan, tí àwọn asálọ kò sì ní rí àyè bí sí i.

Ohun èlò tí a yàn fún iṣẹ́ yìí ni yìnyín. A ó mú háídírójìn àti gáàsì neon tutù títí yóò fi di òkúta yìnyín tí kò ju ìdérí ìgò wáìnì lọ púpọ̀. A ó yìn ín bí ọta ìbọn sí ọ̀nà plásímà, ṣùgbọ́n kí ó tó wọlé, yóò gba inú páìpù tí ó tẹ̀, yóò sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Neon ni yóò sọ ooru di ìmọ́lẹ̀ tí yóò tàn sára gbogbo ògiri. Háídírójìn ni yóò kún inú plásímà kí ojú ọjà lè há mọ́ àwọn tí ó fẹ́ sáré. A kọ́kọ́ dán ọ̀nà yìí wò lórí ẹ̀rọ DIII-D ní San Diego ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà lórí JET.

Yìnyín kò wúlò bí a kò bá mọ ìgbà tí a ó yìn ín. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìdàrú kì í sábà wá láìsí àmì rárá: pápá òòfà á kọ́kọ́ wárìrì, ìtò inú plásímà tí ó ti ń yípo á dúró sójú kan, ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde á pọ̀ sí i. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kan ní Princeton tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, níbi tí wọ́n ti fi àkọsílẹ̀ DIII-D àti ti JET kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa dá àwọn àmì wọ̀nyí mọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù. Kọ̀ǹpútà ń kọ́ ẹ̀kọ́ láti inú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ, ITER kò sì lè fara da ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ ìdàrú ní agbára rẹ̀ kíkún kí ó tó mọ bí yóò ti dènà wọn. Ohun tí a kọ́ lára ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún òmíràn tí a kò tíì tan.

Èyí wà lára ohun tí ó hàn nínú ètò tuntun tí ITER gbé jáde ní ọdún 2024. A fi tungsten rọ́pò beryllium lára ògiri. A sì pinnu pé nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí bá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2034, ògiri ìgbà díẹ̀ tí kò ní páìpù omi nínú ni a ó kọ́kọ́ lò, kí ó lè jẹ́ pé òun ni yóò gba ìyà àwọn ìdàrú àkọ́kọ́.

Ṣé a lè sá fún ìṣàn náà pátápátá?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti fọkàn bá wa bọ̀ lè bèèrè pé: bí ìṣàn inú plásímà bá ni orísun ewu, èéṣe tí a kò fi yọ ọ́ kúrò? Ìbéèrè náà bọ́ sí i. Ní ọdún 1951 ni Lyman Spitzer ní Princeton ti dábàá ẹ̀rọ stellarator, níbi tí gbogbo pápá òòfà ti ń wá láti inú kọ́ìlì tí ó wà lóde. Irú plásímà bẹ́ẹ̀ kò nílò ìṣàn ńlá nínú ara rẹ̀, nítorí náà irú ìdàrú tí a ṣàlàyé lókè kò fi bẹ́ẹ̀ bá a jà. Ohun tí a fi ń san án ni ìṣòro kíkọ́. Wendelstein 7-X, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Greifswald ní ilẹ̀ Jámánì ní oṣù kejìlá ọdún 2015, ní kọ́ìlì 70, àádọ́ta nínú wọn sì lọ́ bí ẹ̀ka igi tí ẹ̀fúùfù ti fẹ́ wọ́. Àṣìṣe mílímítà mélòó kan lè ba ìtò wọn jẹ́. Tokamak rọrùn láti kọ́ jù ú lọ, ó sì ṣòro láti tọ́jú. Stellarator ṣòro láti kọ́, ó sì rọrùn láti tọ́jú.

Àgbálọgbábọ̀

Ó yẹ kí a mú ìbẹ̀rù kan kúrò. Ìdàrú plásímà kì í ṣe ìbúgbàù átọ́ọ̀mù. Epo tí ó wà nínú plásímà ITER nígbàkígbà kò ju gíráàmù mélòó kan lọ, bí plásímà bá sì dàrú, iná rẹ̀ kú ni. Ewu náà jẹ́ ti ẹ̀rọ, kì í ṣe ti ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n ewu ẹ̀rọ kì í ṣe ohun kékeré. Lẹ́yìn tí ìdàpọ̀ átọ́ọ̀mù bá ti ń lọ lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ènìyàn kò ní lè wọ inú àgbá náà mọ́ nítorí ìtànṣán tí ó wà lára irin. Rọ́bọ́ọ̀tì ni yóò máa ṣe àtúnṣe, páálí kan tí ó bà jẹ́ sì lè gba oṣù púpọ̀.

Ẹ̀rọ ìwádìí lè dúró fún oṣù púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè iná fún ìlú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mọ bí ó ti ń rí nígbà tí àpapọ̀ iná orílẹ̀-èdè bá wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ ohun tí ó túmọ̀ sí bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gáwáàtì bá kúrò lórí okùn iná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyí tí àṣeyọrí tokamak kò fi ní dá lórí bí plásímà rẹ̀ ti gbóná tó nìkan. A ti mọ bí a ṣe ń mú un gbóná láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí a kò tíì ṣe ni pé kí a kọ́ ẹ̀rọ tí ó ní mílíọ̀nù 15 ámpíà nínú, kí plásímà rẹ̀ sì kú láìròtẹ́lẹ̀, kí irin tí ó yí i ká má sì mọ̀ ọ́n lára.